Ẹni Tó Ń Kọ́ Fífò Láti Inú Bàálù: Kí Ni Wọ́n Ń Kọ́ Ọ Gan-an?

Irú fídíò yìí pọ̀ lórí fóònù báyìí. Ilẹ̀kùn bàálù á ṣí, ẹnì kan á fò jáde, á na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sínú òfurufú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n bí aṣọ tí wọ́n sá sínú ìjì. Nígbà tó bá yá, aṣọ aláwọ̀ mèremère kan á ṣí lókè orí rẹ̀, á sì dà bíi pé wọ́n fà á padà sókè fìrì. Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó wò ó máa ń bi ara wọn: kí ni wọ́n ṣe fún ẹni yìí tí ẹ̀rù ò fi bà á?

Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹ̀rù ń bà á. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń lé ẹ̀rù lọ. Ohun tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni bó ṣe máa ṣe nǹkan díẹ̀, ní ẹsẹẹsẹ, kí gíga tó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Gíga ni owó tí ẹni tó ń fò ń ná. Kò lè pa òmíràn kún un, kò sì lè dá èyí tó ti ná padà. Bí èyí bá ti yé wa, ìyókù kò ní ṣòro.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi orúkọ sí nǹkan díẹ̀. Páráṣúùtì ni aṣọ ńlá tó ń gba afẹ́fẹ́ mú, tó sì ń dín eré èèyàn kù kó tó kanlẹ̀. Ìjábọ́ ni mo máa pe àsìkò tó wà láàárín ìgbà tí èèyàn fi bàálù sílẹ̀ àti ìgbà tí páráṣúùtì ṣí. Aago gíga ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́. Ó jọ aago lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ka wákàtí. Bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tó ló ń kà. Ẹsẹ̀ bàtà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fò fi ń wọn gíga, èmi náà á sì lò ó. Ẹsẹ̀ bàtà 1,000 jẹ́ nǹkan bíi mítà 300.

Ṣé ẹni tí wọ́n so mọ́ olùkọ́ ti ń kọ́ fífò?

Nínú ọ̀pọ̀ fídíò yẹn, bí ẹ bá wò ó dáadáa, èèyàn méjì lẹ máa rí. Wọ́n so ọ̀kan mọ́ àyà èkejì bí ọmọ tí wọ́n gbé síwájú. Fífò àsopọ̀ nìyẹn. Olùkọ́ ló gbé páráṣúùtì, òun ló ń ka gíga, òun ló ń ṣí i, òun náà ló ń darí rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tó wà níwájú, èrò ọkọ̀ ni. Wọ́n á ti sọ fún un bó ṣe máa gbé orí sókè àti bó ṣe máa ká ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ balẹ̀, ó parí. Mi ò fi ojú kéré rẹ̀ rárá, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ̀ pé àwọn fẹ́ kọ́ ọ. Àmọ́ ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì kò tíì wa bọ́ọ̀sì.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹni tó gbé páráṣúùtì tirẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ láti gbà bẹ̀rẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù ni ti okùn àsomọ́. Wọ́n á so orí okùn kan mọ́ inú bàálù, orí kejì á wà lára àpò páráṣúùtì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti bọ́ síta, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,500, okùn á le, á fa àpò ṣí, páráṣúùtì á sì jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láìjẹ́ pé ó fa ohunkóhun. Àwọn ọmọ ogun náà ń lo irú okùn yìí. Lẹ́yìn tó bá ti ṣe é dáadáa lẹ́ẹ̀melòó kan, wọ́n á jẹ́ kó máa ṣí i fúnra rẹ̀, ìjábọ́ rẹ̀ á sì máa gùn sí i díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni wọ́n ń pè ní AFF. Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Níbí, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń já bọ́ láti òkè réré, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 13,000. Olùkọ́ méjì á di bẹ́líìtì ara rẹ̀ mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọn ò so ó mọ́ ara wọn o, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi dì í mú. Bí páráṣúùtì rẹ̀ bá ti ń ṣí, wọ́n á jọ̀wọ́ rẹ̀, òun nìkan ló kù lójú ọ̀run. Ọ̀nà yìí ni mo máa tẹ̀ lé láti ibí lọ, torí òun ló ń rú èèyàn lójú jù.

Kí ló wà nínú àpò ẹ̀yìn yẹn?

Páráṣúùtì méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń lò nígbà gbogbo. Àpamọ́ wà lókè rẹ̀, nítòsí ọrùn, fún ọjọ́ tí àkọ́kọ́ bá kọ iṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ fò lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń di àkọ́kọ́, kó sì máa dì í fúnra rẹ̀. Àpamọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gba ìwé àṣẹ fún iṣẹ́ náà nìkan ló ń dì í. Ní Amẹ́ríkà, bí ọjọ́ 180 bá ti pé, ó gbọ́dọ̀ tú u, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó tún un dì, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà.

Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà níbẹ̀ tí mo máa pè ní ẹ̀rọ adáṣí. Bí èèyàn ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń ki sí i. Ẹ̀rọ yìí ń wọn kíki yẹn, ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ mọ gíga àti eré. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,000 tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, tó ṣì ń bá eré já bọ́, ẹ̀rọ náà á gé okùn tín-ín-rín tó di àpamọ́ pa mọ́, àpamọ́ á sì jáde. CYPRES, tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tó jáde lọ́dún 1991, ló jẹ́ kí àwọn tó ń fò fọkàn tán irú ẹ̀rọ yìí. Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ fò láìní in. Torí náà, ẹ̀yin tó ń bèèrè pé bí èèyàn bá dákú lójú ọ̀run ńkọ́, ìdáhùn yín nìyẹn.

Páráṣúùtì tí wọ́n ń lò báyìí kò rí roboto bí agboòrùn mọ́. Ó gùn gbọọrọ bí ẹní. Ìpele aṣọ méjì ni, wọ́n pín àárín wọn sí yàrá yàrá, afẹ́fẹ́ ń gba iwájú wọlé, ó sì ń mú kó le bí apá ẹyẹ. Nítorí èyí, ó ń fò lọ síwájú, kì í kàn ṣe pé ó ń rọ̀ wálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀ nígbà tí a bá dé orí bíbalẹ̀. Ti akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tóbi ju ti ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀, torí èyí tó tóbi máa ń rọra ṣe, kì í sì í tètè fìyà jẹ ẹni tó bá fà á sódì.

Kí ni wọ́n ń kọ́ kí wọ́n tó wọ bàálù?

Odidi ọjọ́ kan ni ẹ̀kọ́ ilẹ̀ sábà máa ń gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ á dojú bolẹ̀ lórí pákó, á máa ṣe bí ẹni tó ń já bọ́. Wọ́n á fi bẹ́líìtì gbé e kọ́ sókè, á máa fa àwọn ìdìmú ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ ọ̀nà láìsí pé ó ń ronú.

Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ jù ni títi ìbàdí síwájú. Bí ewé bá já láti orí igi, ẹ ti rí bó ṣe ń ta gìọ́gìọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jù igbá sílẹ̀ láti òkè, ìdí rẹ̀ ló máa kọjú sílẹ̀, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ìbàdí síwájú, tó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè sẹ́yìn, ti sọ ara rẹ̀ di igbá: ikùn rẹ̀ ló máa kọjú sílẹ̀. Èyí tó bá ká ara jọ, bí ara ẹni tí ẹ̀rù bà ṣe máa ń fẹ́ ṣe, ó ti da igbá náà dé, afẹ́fẹ́ á sì yí i padà sẹ́yìn. Òye yìí ló wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí ẹ̀rù ní kí ara ṣe ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ láti má ṣe.

Wọ́n tún ń kọ́ èdè ọwọ́, nítorí pé ariwo afẹ́fẹ́ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn ẹnìkejì. Bí olùkọ́ bá na ìka méjì síwájú ojú rẹ̀, kó na ẹsẹ̀. Bí àtàǹpàkò bá kọjú sílẹ̀, kó ti ìbàdí síwájú. Bó bá nawọ́ sí aago, kó ka gíga. Bó bá na ìka kan ṣoṣo, kó ṣí páráṣúùtì lójú ẹsẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá fi bàálù sílẹ̀?

Ọ̀pọ̀ rò pé inú èèyàn á já wàì, bí ìgbà tí a bá ṣèèṣì tẹ ibi tí kò sí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Bàálù tó gbé e ti ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Nígbà tó bá jáde, afẹ́fẹ́ ti ń gbá a láti iwájú; ọ̀nà tó ń tọ̀ á wá rọra tẹ̀ láti iwájú sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, eré rẹ̀ á ti tó nǹkan bíi kìlómítà 190 ní wákàtí kan, á sì dúró síbẹ̀. Kò ní yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì í sókè ti dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo rẹ̀.

Mímí ńkọ́? Ó ń mí dáadáa, bó bá rántí láti mí. Nígbà kan rí, àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá rò pé ẹni tó bá já bọ́ bẹ́ẹ̀ á dákú kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ìdìmú. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1919, Leslie Irvin fò láti inú bàálù nítòsí Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó já bọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa páráṣúùtì ṣí. Kò dákú. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ṣẹ́, ìgbà tó kanlẹ̀ sì ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò owó tí mo wí. Ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà àkọ́kọ́ ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, nítorí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gorí eré ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣẹ́jú àáyá 5 àti ààbọ̀ ni ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ AFF gbọ́dọ̀ ṣí páráṣúùtì ní nǹkan bí 5,500. Bó bá fò ní 13,000, àkókò tó ní kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 45 lọ. Láàárín rẹ̀ ló máa ka aago, tó máa wo olùkọ́ méjèèjì, tó máa fi ọwọ́ kan ibi tí ìdìmú wà lẹ́ẹ̀melòó kan láìfà á, tó máa tún ka aago. Gíga tó ṣẹ́kù lẹ́yìn 5,500 kì í ṣe ti ìgbádùn mọ́. Owó pàjáwìrì ni, wọn kì í sì í fọwọ́ kàn án fún nǹkan míì.

Bí gíga bá pé, á fi ọwọ́ méjèèjì juwọ́ lókè orí láti kìlọ̀ fún ẹni tó bá wà nítòsí, á nawọ́ sẹ́yìn sí ìsàlẹ̀ àpò lápá ọ̀tún, á fa ìdìmú, á sì jù ú sínú afẹ́fẹ́. Páráṣúùtì kékeré kan ló so mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí a pè é ní ọmọ. Afẹ́fẹ́ á gba ọmọ, ọmọ á fa ìyá jáde, okùn á nà, aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Aṣọ onígun mẹ́rin kan wà tí gbogbo okùn gba inú rẹ̀ kọjá. Afẹ́fẹ́ ń tì í sókè, páráṣúùtì tó ń fẹ̀ ń tì í sílẹ̀, ìjàkadì yìí ni kì í jẹ́ kí páráṣúùtì ṣí lójijì kó má bàa ṣe ẹni náà léṣe. Gbogbo rẹ̀ ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin.

Kò sì sí ohun tó fà á padà sókè. Ẹni tó ń ya fídíò ló ṣì ń já bọ́ lọ ní eré tirẹ̀. Bí ọkọ̀ méjì bá jọ ń sáré, tí ọ̀kan tẹ bíréèkì, lójú ẹni tó wà nínú èkejì, ńṣe ló máa dà bíi pé ó ń padà sẹ́yìn.

Bí páráṣúùtì kò bá ṣí ńkọ́?

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bèèrè nìyí, ó sì yẹ kí wọ́n bèèrè. Ṣùgbọ́n ṣíṣí àti àìṣí nìkan kọ́ ló wà. Ó lè máà jáde rárá. Ó lè jáde tán kó má tú. Ó lè tú kí okùn kan kọjá sórí rẹ̀, kó máa fi èèyàn yí bí òkòtó. Ó sì lè ṣí dáadáa, kí okùn nìkan lọ́ mọ́ra lókè orí, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tú nípa fífi ọwọ́ ya wọ́n sọ́tọ̀ kó sì máa ta ẹsẹ̀ láti yí padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè dúró máa wádìí lókè. Torí náà, ìbéèrè mẹ́ta péré ni wọ́n kọ́ ọ. Ṣé ó ní igun mẹ́rin? Ṣé okùn rẹ̀ pé, aṣọ rẹ̀ ò ya? Ṣé ó ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu bí mo bá fà á? Bí ìdáhùn sí èyíkéyìí bá jẹ́ rárá, kò ní dúró tì í. Wọ́n sì ti ṣe òpin sí àkókò náà: ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti pinnu kó sì ti ṣe ohun tó pinnu nígbà tó bá fi máa dé ẹsẹ̀ bàtà 2,500. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí kò bá sí ohunkóhun tó dín eré rẹ̀ kù, láti ibẹ̀ dé ilẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 14 lọ.

Ohun tó máa ṣe kò gùn. Ìdìmú kan wà ní àyà ọ̀tún, òmíràn wà ní òsì. Ti ọ̀tún ń já páráṣúùtì tó bàjẹ́ dànù pátápátá, ti òsì ń tú àpamọ́ sílẹ̀. Kí ló dé tí ó fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já èyí tó bàjẹ́? Torí pé bí àpamọ́ bá jáde tí èyí tó bàjẹ́ ṣì ń yí lókè, wọ́n lè lọ́ mọ́ra, kò sì sí ẹ̀kẹta. Wíwo ìdìmú ṣe pàtàkì bíi fífà rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ fi ojú rí i kó tó nawọ́, torí ọwọ́ tó ń gbọ̀n lè di nǹkan míì mú.

Àwọn òrùka irin mẹ́ta tó wà ní èjìká ló mú kí jíjá yẹn rọrùn. Ńlá, àárín, kékeré, ọ̀kan gba inú ọ̀kan. Òrùka kọ̀ọ̀kan ń pín ìwúwo náà kù fún èyí tó tẹ̀ lé e, títí ó fi kéré débi pé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọwọ́ lè fà ló dá gbogbo rẹ̀ dúró. Bill Booth, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é ní àwọn ọdún 1970. Lára àpò akẹ́kọ̀ọ́, okùn míì tún so páráṣúùtì àkọ́kọ́ mọ́ ìdè àpamọ́: bí èyí tó bàjẹ́ ṣe ń lọ, á fa àpamọ́ ṣí, bí akẹ́kọ̀ọ́ kò tiẹ̀ tíì fa ti òsì.

Ta ló ń darí rẹ̀ balẹ̀?

Òun fúnra rẹ̀ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹnì kan máa ń wà nílẹ̀ tó ń bá a sọ̀rọ̀ nínú rédíò, àmọ́ rédíò lè kú, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà láìsí i. Okùn méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìjánu ẹṣin. Bó bá fa ti òsì, á yí sósì. Bó bá fa ti ọ̀tún, á yí sọ́tùn-ún. Bó bá fa méjèèjì pọ̀, eré á dín kù.

Ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,000, á tọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ. Ní 600, á yí ìgbà kan. Ní 300, á yí lẹ́ẹ̀kan sí i, á wá kọjú sí afẹ́fẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè dín eré rẹ̀ kù. Nígbà tí ilẹ̀ bá ku nǹkan bí ìlọ́po méjì gíga èèyàn, á fa ìjánu méjèèjì wálẹ̀ pátápátá, páráṣúùtì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì kan ilẹ̀. Bó bá ṣì í fà, wọ́n ti kọ́ ọ láti pa ẹsẹ̀ pọ̀ kó sì yí gbirigbiri: àtẹ́lẹsẹ̀, ojúgun lẹ́gbẹ̀ẹ́, itan, ìdí, ẹ̀yìn. Ara pín ìgbámọ́lẹ̀ náà jẹ, eegun kan ò dá a gbé. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ju nǹkan bíi kìlómítà 22 lọ ní wákàtí kan, ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó sílẹ̀ ni.

Èmi gbà pé ibí ló yẹ kí ìbẹ̀rù wa wà, kì í ṣe ẹnu ilẹ̀kùn bàálù. USPA, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó fífò ní Amẹ́ríkà, ka ikú 10 lọ́dún 2023 nínú nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù 3.65 tí wọ́n fò. Púpọ̀ nínú jàǹbá tó ń ṣẹlẹ̀ nínú eré yìí ń bá ẹni tí páráṣúùtì rẹ̀ ṣí láìní àbùkù kankan. Ohun tó máa ń fà á ni yíyí nítòsí ilẹ̀. Bí páráṣúùtì bá ń yí, ńṣe ló ń rì wálẹ̀ bó ṣe ń yí, ó sì nílò gíga kó tó tún lè tò. Ẹni tó rí i ní ẹsẹ̀ bàtà 50 pé òun kò kọjú sí afẹ́fẹ́, tó fa ìjánu kan fìrì láti tún un ṣe, ti ná owó tí kò ní. Ohun tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kó máa lọ tààrà, kó fa méjèèjì, kó sì yí gbirigbiri bó bá kanlẹ̀ pẹ̀lú eré. Aṣọ á dọ̀tí, orúnkún lè bó, ó tán síbẹ̀.

Ìgbà wo ló máa dá fò?

AFF ní ìpele bíi méje tàbí mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, olùkọ́ méjì á di ẹyọ kan, olùkọ́ náà á jọ̀wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀run kó lè rí bó ṣe ń dá dúró, yí, tàbí gbókìtì kó sì tún ara rẹ̀ tò. Bí kò bá yege nínú ìpele kan, á tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ló ń tún ìpele kan tàbí méjì ṣe, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn míì ń lọ sí ilé afẹ́fẹ́, ibi tí ẹ̀rọ ńlá ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sókè, láti fi ara kọ́ ìjábọ́ láìgun bàálù, ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kọ́ wọn ní bíbalẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ń dá fò, pẹ̀lú ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di páráṣúùtì, bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ẹlòmíràn lójú ọ̀run láìkọlù ú, àti bó ṣe máa balẹ̀ sítòsí ibi tó pinnu. Bó bá ti fò ní ìgbà 25, tó sì yege nínú ìdánwò, USPA á fún un ní láísẹ́ǹsì A, kò sì nílò olùkọ́ mọ́ kó tó wọ bàálù.

Kámẹ́rà orí akoto, tí ọ̀pọ̀ fídíò yẹn ti ń wá, kò tíì tọ́ sí i. USPA ní kó fò tó ìgbà 200 ná, torí okùn páráṣúùtì lè kọ́ kámẹ́rà nígbà tó bá ń ṣí, àti torí pé ẹni tó ń wá àwòrán máa ń gbàgbé láti ka aago.